Tírélà Tí Bàbá Kò Lè Tún Ṣe, Tí Kò Sì Lè Jù Nù

Ohùn tí mo máa ń kọ́kọ́ rántí bí mo bá ronú kan ilé wa ní Ìlobù kì í ṣe ohùn ènìyàn. Ìró irin ni. Bàbá tó bí ìyá mi ní tírélà kékeré kan tí ó fi ń gbé ọkọ̀ odò rẹ̀: táyà méjì, irin gígùn kan tó yọ síwájú bí ọrùn, àti ìkọ́ tí wọ́n fi ń so ó mọ́ ẹ̀yìn Pijó rẹ̀. Bí wọ́n bá ti ń bọ̀ láti ọ̀nà dáàmù, adágún tí Bàbá ti ń pẹja, ẹ ó gbọ́ ọ kí ẹ tó rí i, gbì-gbì, kẹ́ẹ́, gbì-gbì, kẹ́ẹ́, títí yóò fi yà sínú ọgbà. Ìyá àgbà mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màámá, kì í dìde wò ó. Yóò kàn sọ fún mi láti ìdí ààrò pé, “Àṣàkẹ́, gbé abọ́ ńlá, ẹja pọ̀ lónìí,” tàbí, “Má wulẹ̀ wá abọ́ o, omi nìkan ni wọ́n lọ wò.” Ó ní ohùn irin ló ń sọ fún òun, nítorí ẹja máa ń mú kí ẹ̀yìn tírélà wúwo. Mo gbà á gbọ́ nígbà náà. Ní báyìí, mo máa ń bi ara mi bóyá lóòótọ́ ló máa ń sọ ọ́ tọ̀nà, tàbí àwọn ọjọ́ tó tọ̀nà nìkan ni mo rántí. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èkejì.

Mẹ́ta péré la wà nínú ilé náà. Ìyá mi ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní ìlú mìíràn, wọ́n sì ti gbé e kúrò níbì kan sí ibòmíràn lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún kan, ni wọ́n bá ní kí n máa gbé lọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ títí ohun gbogbo yóò fi fìdí múlẹ̀. Yàrá tí mo ń sùn ti gba ọmọ márùn-ún rí. Bẹ́ẹ̀dì mẹ́ta ló wà níbẹ̀, mo sì máa ń pààrọ̀ ibùsùn láti alẹ́ dé alẹ́ kí wọn má bàa dá wà, ìyẹn ni mo sọ fún ara mi. Lówùúrọ̀, mo máa gbálẹ̀, mo máa fa omi ní kànga, mo máa gbọ́ ẹ̀rọ ata aládùúgbò wa tó ń pariwo, lẹ́yìn náà ni rédíò Bàbá yóò bẹ̀rẹ̀ sí sọ ìròyìn. Bàbá ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ṣùgbọ́n Tíṣà ni gbogbo ìlú ṣì ń pè é, Màámá pàápàá. Àgbàlagbà méjì tó ti fẹ́ ara wọn pẹ́ kì í fọ̀rọ̀ ṣòfò. Wọ́n lè jẹ ẹ̀kọ àti ẹja epìyà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìsọ ju “Ìyọ̀ ńkọ́?” àti “Ó tó.” Mo kọ́ láti dákẹ́ níbẹ̀. Àwọn tí mo bá pàdé ní yunifásítì máa ń sọ pé ojú ń tì mí. N kò rò pé ìtìjú ni. Mo rò pé ilé yẹn ni.

Ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo ni mo ní, kì í sì í ṣe Ìlobù ló ń gbé. Rìsí ni orúkọ rẹ̀, ọmọ wẹ́dà kan tó ń jó irin ní Ìfọ́n, ìlú tó bá tiwa pààlà, ẹni tó ṣe tírélà náà fún Bàbá. Lásísì ni Bàbá ń pe bàbá rẹ̀, nítorí Bàbá fi ọjọ́ orí jù ú lọ dáadáa, èmi ń pè wọ́n ní Bàbá Rìsí. Lọ́dọọdún, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé, a máa ń wọ́ tírélà lọ sí Ìfọ́n kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n pààrọ̀ gírísì rẹ̀, kí wọ́n tún jó ibi tó bá ti là. Iṣẹ́ wákàtí méjì ni, ṣùgbọ́n odindi ọjọ́ la máa ń lò. Bàbá àti Bàbá Rìsí yóò jókòó lórí táyà àlòkù, wọ́n á máa jiyàn lórí ohun tí rédíò sọ. Ìyá Bàbá Rìsí, àgbàlagbà obìnrin kan tó máa ń wé gèlè funfun, yóò bu ẹ̀wà fún wa. Èmi àti Rìsí á máa ṣa àwọn èékù irin kéékèèké tó ti tutù, a ó tò wọ́n bí ìlú: ilé, ọjà, mọ́ṣáláṣí, ṣọ́ọ̀ṣì. Rìsí ló ń sọ̀rọ̀ jù. Ó máa ń sọ pé, “Ìwọ Àṣàkẹ́, ẹnu rẹ dà bí pádì tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sọnù.” Inú mi máa ń dùn bó bá sọ ọ́. Kò sẹ́lòmíràn tó ka ìdákẹ́jẹ́ẹ́ mi sí ohun tó tó fi ṣàwàdà.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tó wà láàárín ìlú méjèèjì tún gbóná. N kò ní sọ ẹni tó jàre. N kò mọ̀ ọ́n nígbà náà, gbogbo ohun tí mo ti kà láti ìgbà yẹn kò sì tíì jẹ́ kí n mọ̀ ọ́n tán. Ohun tí mo mọ̀ ni ohun tó dé ọ̀dọ̀ wa: ọ̀nà tí kò ju ìrìn ẹsẹ̀ lọ di ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni kò gbà mọ́. Àwọn àgbà á kàn sọ pé, “Ẹ má gba ibẹ̀ yẹn o.” Láàárín ìgbà náà gan-an ni ìyá Bàbá Rìsí kú. Àìsàn àgbà ló pa á, ọwọ́ ẹnì kankan kò sí níbẹ̀. Wọ́n sin ín lọ́jọ́ tó kú gẹ́gẹ́ bí àwọn Mùsùlùmí ti ń ṣe. Ẹnì kan tó gba Òṣogbo wá ló mú ìròyìn náà dé ọ̀dọ̀ wa. Bàbá kò lọ síbi ìsìnkú. Kò lọ síbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ. Ogójì ọjọ́ kọjá, kò lọ.

Èyí ló fà á tí ọ̀rọ̀ tírélà fi di ìṣòro, nítorí ọdún náà gan-an ló bẹ̀rẹ̀ sí kú. Ìpẹtà ti jẹ ìdí irin gígùn iwájú rẹ̀, táyà apá òsì sì ti ń mì bí eyín ọmọdé. Bàbá kò lè fi ọkọ̀ odò sílẹ̀ létí omi kí ó má lo tírélà mọ́. Ó dán an wò lẹ́ẹ̀kan, ọjọ́ kẹta la rí i lódìkejì adágún, tí ẹnì kan ti fi kó ewé fún ewúrẹ́ rẹ̀. Ó pe Bọ̀dá Múfú, wẹ́dà kan ládùúgbò wa. Múfú dọ̀bálẹ̀, ó kí Bàbá, ó kí Màámá, ó sì mú òòlù kékeré kan, ó ń kan irin náà láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó ń tẹ́tí sí i bíi dókítà.

“Bàbá, irin yìí ti di búrẹ́dì o,” ló wí.

Màámá bú sẹ́rìn-ín. “Ṣé bí mo ṣe ń wí nìyẹn! Wọ́n ní irin òyìnbó ni.”

“Irin òyìnbó ni,” Bàbá dáhùn. “Òyìnbó náà ń darúgbó.”

“Ta ló ṣe é fún yín, Bàbá?”

“Lásísì ni. Ní Ìfọ́n.”

Múfú gbé òòlù rẹ̀ sílẹ̀. “Ọ̀gá ni wọ́n jẹ́ fún gbogbo wa. Kí n má parọ́ fún yín, Bàbá, n kò lè gé e àfi tí wọ́n bá mọ̀ sí i. Àwa oníṣẹ́ irin, a kì í gé ibi tí ẹlòmíràn tó ṣì wà láàyè bá jó pọ̀ láìjẹ́ pé ó gbọ́. Ká ní wọ́n ti kú ni, ìyẹn yàtọ̀.”

“Tí o bá wá ṣe títun fún mi ńkọ́?”

“Títun kò le. Ẹ sọ pé ó yá, ọ̀la ni mo máa bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí wọ́n gbọ́ ìyẹn náà lẹ́nu yín, kì í ṣe lẹ́nu ará ọjà, pé ẹ ti ju tiwọn nù. Ẹ kàn pè wọ́n lórí fóònù. Ìṣẹ́jú kan ni.”

“Mo gbọ́,” ni Bàbá wí. Bí Bàbá bá ti sọ pé òun gbọ́, ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn.

Fóònù wà nílé. Nọ́ńbà Bàbá Rìsí wà lórí rẹ̀. Èmi ọmọdé kò mọ ohun tó ṣòro níbẹ̀, àfi ọjọ́ tí Màámá là á mọ́lẹ̀ bí a ti ń jẹun. Ó ní, “Tíṣà, ẹ pe ọkùnrin yẹn, ẹ jẹ́ ká mọ èyí tí a ń ṣe.” Bàbá ní, “Kí n pè é kí n sọ kí ni? Ìyá rẹ̀ kú, n kò yọjú. Kí n wá máa ti orí fóònù béèrè irin? Ojú lọ̀rọ̀ wà.” Màámá ní, “Ẹ lọ fojú rí i nígbà náà.” Bàbá tẹjú mọ́ àwo. Ó ń yọ egungun ẹja, ó ń tò wọ́n sí etí àwo lọ́kọ̀ọ̀kan. Màámá ní, “Aṣọ tó bá ti gbó ju abẹ́rẹ́ lọ, ẹ kúkú ra òmíràn.” Bàbá ní òun gbọ́. Ìgbà yẹn ló yé mi pé kì í ṣe irin ni wọ́n ń sọ. Bí yóò bá tún tírélà ṣe, yóò lọ sí Ìfọ́n. Bí yóò bá jù ú nù, yóò ṣì lọ sí Ìfọ́n, tàbí kó ṣe é bí ẹni tí kò ní ọ̀rẹ́ kankan níbẹ̀ rí. Nítorí náà kò tún un ṣe, kò jù ú nù. Ó ní ká máa lò ó bẹ́ẹ̀ ná.

Ó wá fún mi níṣẹ́ kan. Bí a bá ti dé láti odò, kí n fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan àárín táyà apá òsì, níbi tí bẹ́rìn, irin tó ń jẹ́ kó yí, wà. “Bó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò burú,” ló wí. “Bó bá jó ọ, sọ fún mi. Ọjọ́ náà la máa ní kí Múfú bẹ̀rẹ̀ títun, ohun tó bá fẹ́ dà kó dà.” Mo ronú lórí rẹ̀ bí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ti lè ronú. Bí Múfú bá ṣe títun ní Ìlobù, kò sí ohun tó máa gbé wa lọ sí Ìfọ́n mọ́, láéláé. Bí ti àtijọ́ bá ṣì ń yí, lọ́jọ́ kan yóò burú débi pé Bàbá yóò lọ bá ẹni tó ṣe é. Mo ṣì gbà pé ìrònú náà tọ́, yàtọ̀ sí ohun kan: n kò fi kún un pé irin kì í dúró de ènìyàn. Nígbà tó kọ́kọ́ jó mi lọ́wọ́, mo ní, “Kò gbóná, Bàbá.” Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, mo sì fi ọwọ́ tó jó mi sínú omi tí a fi ń fọ ẹja.

Ọ̀sán ni ó ṣẹlẹ̀. Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá nínú Pijó, a ń bọ̀ láti dáàmù. Mo rántí pé òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọjọ́ mìíràn. Ìró irin kàn dákẹ́ ni, lẹ́yìn náà a gbọ́ ìró ńlá kan, Pijó sì fà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Táyà apá òsì kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé mi, òun nìkan, ó ń yí lọ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́, ó sì wọ inú oko gbágùúdá kan lọ. Tírélà ti ṣubú lé ẹ̀gbẹ́ kan. Ọkọ̀ odò yọ̀ kúrò lórí rẹ̀, ó fi ẹ̀gbẹ́ gbá ògiri afárá kékeré kan, pákó méjì sì là láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò sẹ́ni tó farapa. Bàbá yí tírélà náà po lẹ́ẹ̀kan, ó sì jókòó sórí afárá. N kò tíì rí i kó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níta rí.

“Bàbá,” mo ní, “ó gbóná.”

“Kí ló gbóná?”

“Ibi tí ẹ ní kí n máa fọwọ́ kàn. Ó ti ń gbóná tipẹ́. Mo ní kò gbóná.”

Ó wo ibi tí táyà gbà lọ. “Mo mọ̀,” ló wí.

“Ẹ mọ̀?”

“Bí o bá ti wọlé tán, èmi náà máa ń fọwọ́ kàn án.” Ó yíjú sí mi. “Kí ló dé tí o fi parọ́?”

“Mo fẹ́ kí ẹ mú mi lọ sọ́dọ̀ Rìsí.”

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò ní ayọ̀ nínú. “Ó dáa. Àwa méjèèjì la jọ parọ́ fún irin. Irin kò gbà.”

Mo ti wọn ọ̀rọ̀ yẹn lọ́pọ̀ ìgbà. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé Bàbá kò fọwọ́ kàn án rárá, pé ó sọ ọ́ kí ọmọ kékeré má bàa ru ẹ̀bi tó ju orí rẹ̀ lọ. Olùkọ́ ni, ó mọ bí a ti ń ṣe irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo tún rántí pé nígbà tó gbé ọwọ́ sókè láti nu ojú, ẹ̀yìn ìka rẹ̀ méjì dúdú, ó ń dán, bí ẹ̀yìn ìka tèmi. Gírísì lè ṣe bẹ́ẹ̀. Iná náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ti fi í sílẹ̀ síbẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, Bàbá wọ aṣọ funfun, ó ní kí n wọ bàtà. A kò gba ọ̀nà tààrà. A gba Òṣogbo yí po, ọ̀kadà méjì, odindi òwúrọ̀, láti lọ sí ìlú tí mo lè gbọ́ ìpè àdúrà rẹ̀ láti ẹ̀yìnkùlé wa bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ síhà ọ̀dọ̀ wa. Bàbá Rìsí wà níwájú ṣọ́ọ̀bù wọn, wọ́n gbé gíláàsì dúdú sórí iwájú orí. Nígbà tí wọ́n rí wa, wọn kò dìde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bàbá ṣí fìlà. Ó tẹ̀ síwájú, ó bẹ̀rẹ̀, òun tó jẹ́ àgbà, ọwọ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀.

“Lásísì, ẹ kú ìsìnkú ìyá wa. Mo pẹ́.”

Bàbá Rìsí sáré dìde nígbà náà, wọ́n dì í mú. “Tíṣà! Ẹ má fi mí ré o! Ẹ dìde.” Ṣùgbọ́n nígbà tí Bàbá dìde tán, wọn kò jọ̀wọ́ apá rẹ̀. “Ẹ pẹ́ lóòótọ́. Ẹ pẹ́ gan-an. Lọ́jọ́ kẹjọ, mo fi àga yín sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Àlejò kan fẹ́ jókòó, mo ní rárá o, Tíṣà ń bọ̀. Ìgbà tí ẹni tí a yá àga lọ́wọ́ rẹ̀ wá kó àga rẹ̀ ló gbà á lọ́wọ́ mi. Ṣé ẹsẹ̀ ló dùn yín ni?”

“Ẹsẹ̀ kò dùn mí,” Bàbá wí. “Ẹ̀rù ló bà mí.”

Bàbá Rìsí jọ̀wọ́ apá rẹ̀. “Ẹ̀rù bà wá náà,” ni wọ́n wí, wọ́n sì fi ìṣẹ́tí aṣọ iṣẹ́ nu táyà àlòkù kan fún un kó jókòó. Wọ́n fún wa lómi. Wọ́n béèrè Màámá, wọ́n béèrè ìyá mi. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, “Tírélà mi ńkọ́?”

“Ó ti fọ́.”

“Èwo? Èyí tí mo fi irin mọ́tò tó jóná ṣe? Ẹ ṣì ń lo ìyẹn láìjẹ́ kí n yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dún yìí? Háà, Tíṣà! Ọdún márùn-ún ni mo bù fún un lọ́kàn mi. Ká ní ẹ pè mí ni, màá ti ní kẹ́ ẹ jù ú nù tipẹ́.” Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi wúkọ́. Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ó fi fìlà bojú, èjìká rẹ̀ ń mì. Ó pẹ́ kó tó gbé fìlà náà kúrò.

Èmi ń wo ẹnu ọ̀nà. Bàbá Rìsí rí mi. “Àṣàkẹ́, ọ̀rẹ́ rẹ kò sí nílé o. Nígbà tí nǹkan rí bó ti rí yẹn, mo ní kó máa lọ kàwé lọ́dọ̀ àbúrò mi obìnrin n'Ìbàdàn. Ó sunkún rẹ títí. Dúró, jẹ́ kí n pè é.” Wọ́n tẹ fóònù, wọ́n sì nà án sí mi. Mo lọ dúró lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù.

“Rìsí.”

“Ta nìyẹn?”

“Èmi ni. Àṣàkẹ́.”

“Áà! Báwo ni?”

“Dáadáa ni. Ìwọ ńkọ́?”

“Dáadáa ni.” Mo dúró kó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ń gbọ́ èémí rẹ̀. Mo ń gbọ́ ariwo ọ̀pọ̀ ọmọ lẹ́yìn rẹ̀, bí ẹni pé gbogbo ilé náà ló ń ṣeré. Ọmọbìnrin kan pè é, ó ń rẹ́rìn-ín, ó pè é ní orúkọ kan tí n kò mọ̀ rí. Rìsí dá a lóhùn pé òun ń bọ̀. Ó wá sọ fún mi pé, “Wọ́n ń dúró dè mí, ó ti kàn mí. Màá pè ẹ́, ṣé o gbọ́?” Mo ní mo gbọ́.

Mo padà wá síwájú ṣọ́ọ̀bù. Àwọn méjèèjì ti dìde lórí táyà, Bàbá Rìsí ti fi ẹfun fa ìlà gígùn sí ilẹ̀ síméńtì, wọ́n ń jiyàn bóyá ọkọ̀ odò tí wọ́n bá fi pákó tuntun tún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣe yóò fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bàbá ní kò ní fẹ̀. Bàbá Rìsí ní, “Tíṣà, ìwé lẹ mọ̀, ẹ fi irin sílẹ̀ fún mi.” Wọn kò béèrè ohun tí Rìsí sọ. Wọ́n ní kí n bá wọn di ẹnu téèpù mú lápá ibí, kí wọ́n lè mọ bí tírélà títun yóò ṣe gùn tó. Mo bẹ̀rẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lórí ìlà ẹfun náà, Bàbá Rìsí sì ń fi ẹ̀yìn rìn lọ, wọ́n ń fa téèpù náà gùn, tí ó ń jìnnà sí mi.